Álọ́ì kẹ̀kẹ́ àtijọ́ tó ti ṣú: kí lẹ máa fi dán an, ibo lẹ sì ti máa dúró?

Ẹni tó bá ti gbé kẹ̀kẹ́ ológeere àtijọ́ jáde látinú yàrá ẹrù rí máa mọ nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí. Kránkì, ìyẹn apá tí pẹ́dà wà lẹ́nu ẹ̀, tó yẹ kó máa dán ti ṣú, ó ti rí bí eérú, nǹkan funfun kan tó dà bí ẹfun ti hù sábẹ́ bíréèkì, stem (èyí tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú mọ́ férémù) tí òógùn ti ń kán sí látọdún mọ́dún ti ní ojú dúdú kéékèèké káàkiri. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn ni kí wọ́n wá sáńdípépà tàbí kí wọ́n gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, kí wọ́n máa fá a lọ títí táá fi máa kọ mọ̀nà, wọn ò sì ní mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń fá kúrò yẹn, álọ́ì fúnra ẹ̀ (alumíníọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ irin mìíràn) wà níbẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan, bó bá sì ti lọ, ó lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa bá wọn dá a padà.

Mo fẹ́ràn àwọn nǹkan yìí gan-an, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí èyí tí wọ́n ti dán kọjá àyè ẹ̀. Màá fi ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ṣe é wéra wọn, màá sọ èyí tí èmi máa mú àti ìdí tí mo fi mú un, ṣùgbọ́n ohun kan ló máa darí gbogbo ẹ̀: ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọ̀ jù kẹ́ ẹ tó lọ sórí èyí tó le, kẹ́ ẹ sì dúró níbi tí ìdọ̀tí bá tán sí.

Álọ́ì lásán àbí èyí tí wọ́n ṣe ánódáìsì fún?

Ibí lẹ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ o, torí ohun tó bá ọ̀kan mu lè ba èkejì jẹ́. Alumíníọ̀mù tó wà nínú álọ́ì, bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án báyìí ló ti máa da awọ tín-ín-rín kan bo ara ẹ̀, awọ yẹn ló ń dáàbò bò ó tí kì í fi í jẹra bí irin tó dípẹtà. Ánódáìsì ni kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kí awọ yẹn nípọn: wọ́n á ri nǹkan náà sínú ásíìdì, wọ́n á wá jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú ẹ̀ kọjá, awọ ọ̀hún á nípọn tó nǹkan bíi micron 5 sí 25 (ẹgbẹ̀rún micron ló wà nínú mílímítà kan), á sì le gan-an, torí ohun kan náà lòun àti èyí tí òkúta sàfáyà jẹ́. Kránkì Campagnolo Nuovo Record ní in lára, rímù Mavic GP4 tí àwọ̀ ẹ̀ ṣú díẹ̀ yẹn ní in, ọ̀pọ̀ nǹkan tí Shimano àti SunTour ṣe láàárín ọdún 1970 sí 1990 náà ní in.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ mú etí síńgílẹ́ẹ̀tì funfun kan tó ti gbó, ẹ fi pólíìṣì ìdánrin tó tó ẹyọ ẹ̀wà kan sí i, ẹ wé e mọ́ ìka ìfábẹ̀lá, ẹ wá fi yí ẹ̀yìn apá kránkì, níbi tẹ́nikẹ́ni ò ní rí, bí ìgbà mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ álọ́ì lásán ni, kò ní í tó ìgbà kẹta tí aṣọ yẹn á ti dúdú bíi pé ẹ fi nu ìdí ìkòkò, dúdú yẹn kì í sì í ṣe ìdọ̀tí, alumíníọ̀mù fúnra ẹ̀ ló ń bọ́ sára aṣọ. Tó bá jẹ́ ánódáìsì, ẹ máa yí i yí i, aṣọ á kàn dọ̀tí díẹ̀ torí gírísì tó wà níbẹ̀, ojú ibi tẹ́ ẹ yí náà ò sì ní í yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà kejì ni multimeter, mítà tí wọ́n fi ń wọn iná: ẹ gbé e sórí ohms, ẹ fi ẹnu wáyà méjèèjì kan ojú ẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó má baà họ ọ́. Iná máa gba ara álọ́ì lásán kọjá, mítà á sún mọ́ òdo. Iná kì í gba ojú ánódáìsì kọjá. Lórí rímù, mítà ni mo fẹ́ràn torí kì í fi àmì sílẹ̀, ṣùgbọ́n lórí kránkì, aṣọ ni mo máa ń lò, ojú mi ló máa ń rí i, ọkàn mi sì máa ń balẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ní méjèèjì pa pọ̀ o. Apá kránkì tí bàtà ẹni tó ń gùn ún ti ń họ lójoojúmọ́, ánódáìsì á ti tán níbi tí ẹ̀gbẹ́ bàtà ti máa ń kàn án, á sì wà digbí níbi tó kù. Ẹ dán an wò níbi méjì kẹ́ ẹ tó pinnu.

Ọṣẹ àbí kẹrosíìnì?

Méjèèjì, kẹrosíìnì kọ́kọ́ ṣáájú níbi tí gírísì ti gan mọ́ eyín ṣéènì, ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ tẹ̀ lé e pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Ẹ má fojú di ìgbésẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ nǹkan táwọn èèyàn ń pè ní ṣíṣú, gírísì tó ti gbẹ àti eruku bíréèkì ni, mo ti rí họ́ọ̀bù (àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí sípóòkù ti jáde) tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́ tó jẹ́ pé ọṣẹ nìkan ló gbà. Ọṣẹ oníyẹ̀fun tí wọ́n ń dà sínú ẹ̀rọ ìfọbọ́, ẹ má fi í súnmọ́ álọ́ì rárá, ó le jù, ṣe ló máa sọ ọ́ di dúdú. Tí derailleur yín, ìyẹn ohun tó ń gbé ṣéènì látorí eyín kan sórí òmíràn, bá jẹ́ Simplex Prestige onípílásítíìkì ti àwọn ọdún 1960, ọṣẹ àti omi nìkan, ẹ má rì í sínú ohunkóhun mìíràn. Họ́ọ̀bù tí bọ́ọ̀lù ẹ̀ ṣì wà nínú, ẹ di ẹnu ẹ̀ pa kẹ́ ẹ tó fi omi kàn án, tó bá sì jẹ́ pólíìṣì ló wọ inú ẹ̀, á máa lọ bọ́ọ̀lù yẹn díẹ̀díẹ̀ ni.

Nǹkan funfun bí ẹfun: fínígà àbí pólíìṣì?

Iyọ̀ àti òógùn ló máa ń fa nǹkan funfun yìí. Fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ máa yọ ọ́ nítorí ásíìdì wọn ò le, ó máa yọ́ nǹkan funfun yẹn láìjẹ́ pé ẹ fi ohun tó rí ṣákáṣàka fá a. Ẹ fi omi pò ó dáadáa, ẹ fi òwú rin ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ọ́n, ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ kíákíá. Ẹ má fi í sílẹ̀ mọ́jú o, mo mọ èèyàn tó fi lẹ́fà bíréèkì sínú fínígà tó lọ sùn, tó bá a láàárọ̀ tí ojú ẹ̀ ti ṣú tó sì ti rí ṣákáṣàka, ó wá di pé sáńdípépà nìkan ló lè gbà á.

Pólíìṣì náà lè yọ nǹkan funfun yìí, ṣùgbọ́n ẹfun yẹn fúnra ẹ̀ le, bẹ́ ẹ bá ń fi aṣọ yí i, òun náà á máa họ álọ́ì tó wà létí ẹ̀. Nítorí náà fínígà ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì gbà pé ihò kéékèèké máa wà lábẹ́ ẹ̀. Ihò yẹn ti jẹ wọlé, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè fi sí i tó máa kún un, ohun kan ṣoṣo tó lè mú un kúrò ni kẹ́ ẹ fá gbogbo àyíká ẹ̀ wálẹ̀ kó bá a dọ́gba, èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí nǹkan tó ti lò tó ogójì ọdún.

Òwú, péésìtì, àbí olómi?

Never-Dull jẹ́ òwú tí wọ́n ti rì sínú pólíìṣì, ẹ kàn máa já a díẹ̀díẹ̀, òun ló rọ̀ jù nínú gbogbo wọn, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí álọ́ì lásán tó kàn ṣú díẹ̀. Péésìtì bíi Mothers Mag & Aluminum láti Amẹ́ríkà tàbí Autosol láti Jámánì lágbára jù ú lọ, ó máa ń yára dán, ìdí sì nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ máa dúró wò ó, ẹ yí i fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ nù ún, ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ó, kẹ́ ẹ tó tún fi òmíràn sí i. Àwọn èèyàn máa ń bínú pé ó pẹ́ jù báyẹn, ṣùgbọ́n ohun tá a bá fi pẹ̀lẹ́ mú kì í bàjẹ́.

Brasso olómi, bàbà àti idẹ ni wọ́n ṣe é fún, ammonia wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ nù ún kúrò dáadáa, ẹ fọ ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kó gbẹ sínú lẹ́tà tí wọ́n fín, torí ó máa ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ níbẹ̀ tó máa ń ṣòro yọ. Èmi máa mú Never-Dull fún èyí tó ṣú díẹ̀, péésìtì fún èyí tó ṣú gan-an, mi ò sì ní fi méjèèjì sórí ánódáìsì rárá, torí wọn ò ní yí i padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́ wọ́n máa jẹ ẹ́ lójú níbi kan, wọ́n á fi ibòmíràn sílẹ̀, ẹ̀yin náà á sì rí i pé ó ti di ààlà-ààlà.

Kànrìnkàn onírin àbí sáńdípépà?

Àárín àwọn méjì yìí ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń bàjẹ́. Kànrìnkàn onírin, àní èyí tó rọ̀ jù tí wọ́n ń pè ní 0000, máa ń já sílẹ̀ wẹ́wẹ́, irin wẹ́wẹ́ yẹn á lọ há sínú álọ́ì tó rọ̀ jù ú lọ, tí omi bá wá kàn án, á dípẹtà, ẹ óò rí àmì pupa rúsúrúsú kéékèèké níbi tó jẹ́ pé álọ́ì kì í dípẹtà, álọ́ì tó yí i ká náà á sì máa jẹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kànrìnkàn, ẹ wá èyí tó jẹ́ idẹ, tàbí èyí tó jẹ́ nylon. Ẹ sì mọ̀ pé nylon náà ní ìpele: ti eléérú rọ̀ ju ti pupa rẹ́súrẹ́sú lọ. Ti aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò yẹn ti le jù fún kẹ̀kẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi í kàn án.

Sáńdípépà ní tiẹ̀, ìlà jíjìn ló wà fún. Tí ẹnì kan ti fi irinṣẹ́ họ kránkì, tàbí tí kẹ̀kẹ́ ti ṣubú tí ìlà wà lára ẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi èékánná mọ̀, kò sí péésìtì tó máa yọ ìyẹn. Ẹ wá oníomi, ẹ rì í sínú omi tó ní ọṣẹ díẹ̀. Nọ́ńbà tó bá tóbi jù ló rọ̀ jù: tí 1000 bá lè ṣe é, ẹ má mú 600, tí 600 bá lè ṣe é ẹ má mú 400. Ẹ fi lọ sí apá kan, kẹ́ ẹ tó mú èyí tó rọ̀ jù ú ẹ yí ọwọ́ yín sí apá kejì, kí ìlà tuntun dábùú ìlà àtijọ́, ìgbà tí gbogbo ìlà àtijọ́ bá ti pòórá lẹ tó lè kúrò lórí ìpele yẹn. Tẹ́ ẹ bá fo ìpele kan, ìlà 400 yẹn máa jókòó sábẹ́ pólíìṣì, níta nínú oòrùn lẹ máa tó rí i.

Lórí apá kránkì àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí ìlà tó gbẹ̀yìn máa bá gígùn ẹ̀ lọ, kó má dábùú ẹ̀. Ìgbà gbogbo tẹ́ ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni apá kránkì ń tẹ̀ díẹ̀ tó ń padà, ìlà tó bá dábùú gígùn ẹ̀ sì ni sísán máa ń rí ibi bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ níbi tí stem ti há a mọ́lẹ̀, ẹ má fi sáńdípépà kàn án rárá.

Ẹ sì lẹ téèpù mọ́ orúkọ tí wọ́n fín tàbí tí wọ́n tẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sáńdípépà. Orúkọ tí wọ́n fi ọ̀dà tẹ̀ sí i, pólíìṣì ẹ̀ẹ̀kan péré lè kó o lọ.

Ọwọ́ àbí ẹ̀rọ?

Ọwọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé ẹ̀rọ ló ń jẹ́ kó rí bí tuntun, lóòótọ́ ló ń dán, mi ò jiyàn. Àmọ́ táyà aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ ìlọrin yẹn ń yí bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdọ̀tí, etí lẹ́tà, àti álọ́ì gidi.

Èmi náà ti ṣe é rí. Apá kránkì kan tí wọ́n fín orúkọ sí dáadáa, etí lẹ́tà náà mú débi tí èékánná fi lè há sí i, mo gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, inú mi ń dùn pé ó ń kọ mọ̀nà. Ìgbà tí mo nù ún tán ni mo wá rí i pé orúkọ yẹn ti rí bí èyí tí wọ́n tẹ̀ sára ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, etí ẹ̀ ti yọ́, lẹ́tà àárín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Ihò tí bóòtù ń gbà kọjá náà ti gùn sí apá kan bí omijé, torí ibi tí táyà bá ti ń kúrò lẹ́nu ihò ló máa ń fà sí. Mo ṣì ní kránkì yẹn, mo sì ń gùn ún, ṣùgbọ́n mi ò lè wò ó kí n má rántí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ lẹ ṣáà fẹ́ lò, ẹ lo táyà aṣọ tí wọn ò rán, òun ló rọ̀ jù, pẹ̀lú kọ́ḿpáǹdì funfun, ẹ má lo dúdú tí wọ́n ń lò fún irin, ẹ má dúró síbi kan, ẹ má sún mọ́ lẹ́tà àti ihò. Ẹ di nǹkan náà mú nísàlẹ̀ táyà, kí etí tó mú má kọjú sí i, torí bó bá há ó máa já a gbà lọ́wọ́ yín ó sì máa jù ú sí yín. Ẹ wọ awò ojú àti ìbòjú. Ẹ má sì lo táyà kan náà fún irin àti álọ́ì, eruku alumíníọ̀mù àti ti ìpẹtà tó bá pàdé iná tó ń ta lára irin lè gbiná, iná ọ̀hún kì í ṣe kékeré.

Ohun mìíràn tí ẹ̀rọ máa ń ṣe ni pé ó máa ń na ojú álọ́ì bo ibi tó ti sán. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó dán kránkì àtijọ́, pàápàá Campagnolo Record, ẹ fọ ibi tí apá ẹ̀ ti pàdé ẹ̀ka márààrún tó di eyín ṣéènì mú, níbi kọ̀rọ̀ tóóró yẹn, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà dúdú tó dà bí irun, tẹ́ ẹ nù ún tó tún yọ padà, ó ti sán. Ẹ má gùn ún mọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ dán an, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri.

Ẹ yọ ánódáìsì kúrò àbí ẹ fi í sílẹ̀?

Kọ́sítíìkì sódà ló ń yọ ọ́, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń fi oògùn ìfọ-ààrò fín in. Ó máa yọ ọ́ lóòótọ́, bó bá sì ti tán lórí awọ yẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ álọ́ì gan-an, ẹ óò rí i tó ń hó, hydrogen ló ń jáde yẹn, afẹ́fẹ́ tó ń gbiná ni, omi ẹ̀ sì lè jó ojú èèyàn títí láé. Ìta gbangba, ìbọ̀wọ́, awò ojú, láìsí ìyẹn ẹ má dáwọ́ lé e. Bẹ́ ẹ bá ṣàn án tán, ojú ẹ̀ á rí bí eérú, á wá di dandan kẹ́ ẹ fi sáńdípépà àti péésìtì dán an látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí ohun tó ń dáàbò bò ó ti lọ, kò sì ní pẹ́ tí á tún fi máa ṣú, ẹ̀yin náà á wá máa dán an nígbà gbogbo.

Ẹ fi wé fífi í sílẹ̀: ọṣẹ, omi, aṣọ rírọ̀, wáàsì díẹ̀, ó parí. Àwọ̀ wúrà tàbí dúdú tí wọ́n fi sí ánódáìsì, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, kò ní padà mọ́ láéláé. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti lè yọ ọ́ ni apá kránkì tí bàtà ti họ ìdajì ẹ̀ kúrò, tí ìdajì tó kù sì ti di àmì-àmì, àní níbẹ̀ náà màá kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ fún oṣù kan, kí n mọ̀ bóyá ojú mi á mọ́ ọn lára. Rímù, ọwọ́ kẹ̀kẹ́, rárá o.

Kíkọ mọ̀nà bíi dígí àbí dídán rọ̀ǹrọ̀?

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn nǹkan yìí ò kọ mọ̀nà nígbà tí wọ́n jáde nílé iṣẹ́. Wọ́n ń dán rọ̀ǹrọ̀, ẹ lè rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lára wọn, ṣùgbọ́n ẹ ò lè ka ìwé lára wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe yẹ kó rí, ẹ tú nǹkan kan tí bóòtù tàbí ìbòrí ti bò látìgbà tí wọ́n ti ṣe é, bí abẹ́ ìbòrí bóòtù kránkì tàbí ibi tí stem ti wọ inú férémù, ẹ wo ojú álọ́ì tó wà níbẹ̀, ìyẹn ni ẹ̀rí. Ẹ gbé ibi tẹ́ ẹ ti dán sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Bí méjèèjì bá ti jọra, ẹ gbé péésìtì sílẹ̀, kódà tí ihò kéékèèké ṣì wà. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ibẹ̀ tẹ́ ẹ sì fẹ́ kó padà rọ̀, ẹ fi nylon eléérú lọ ọ́ wẹ́rẹ́ pẹ̀lú omi, sí apá kan ṣoṣo.

Wáàsì àbí fáníìṣì?

Fáníìṣì dára lójú fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà á pọ́n, òkúta á ta á sí, omi á gba ibẹ̀ wọlé, ìlà funfun á máa rìn lábẹ́ ẹ̀ bí ekòló, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe máa dé ibẹ̀ láìkọ́kọ́ bó gbogbo fáníìṣì náà kúrò. Wáàsì carnauba, ẹ fi aṣọ mìíràn tó mọ́ fi tín-ín-rín, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ nù ún, ẹ tún un ṣe ní oṣù méjì-mẹ́ta, ẹni tó bá ń gùn nínú òjò kó ṣe é jù bẹ́ẹ̀. Wáàsì ni mo mú, kò sí àní-àní.

Ẹ má jẹ́ kí wáàsì tàbí pólíìṣì kan ẹ̀gbẹ́ rímù níbi tí rọ́bà bíréèkì ti ń dì í mú, torí bíréèkì ò ní í mú mọ́. Tó bá ti kàn án, ẹ fi isopropyl alcohol nu ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yípo, ẹ máa yí aṣọ padà títí tí kò fi ní í dọ̀tí mọ́, ẹ wá gùn ún jẹ́jẹ́ níbi tí ọkọ̀ ò sí, kẹ́ ẹ fa bíréèkì bí ìgbà mẹ́fà, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ tó gbé e bọ́ sójú títì.